Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Fi Iná Ta Kíbọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin oníṣòwò kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì,

Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo mú wá bá yín: ẹ ń ta kíbọ́ọ̀dù fún wa, ẹ kì í sọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀. Bí ọ̀dọ́ kan bá ní òun fẹ́ èyí tó dára fún géèmù, èyí tí iná rẹ̀ ń tàn yòò ni ẹ máa ń fà jáde. Ẹni tó fẹ́ fi kọ kóòdù dé, èyí kan náà lẹ tún gbé fún un. Iná kì í mú ọwọ́ yá. Kò sì fi kún ọjọ́ orí kíbọ́ọ̀dù.

Nínú èyí tí kò wọ́n, rọ́bà pẹlẹbẹ kan ló tẹ́ sábẹ́ gbogbo bọ́tìnnì, ó sì sábà máa ń dìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ kó tó gbọ́. Nínú irú kejì, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní súìṣì àti sípíríǹgì tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ Cherry ti Jámánì ti ń ṣe irú súìṣì bẹ́ẹ̀ láti àwọn ọdún 1980. Àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà bíi Gateron, Kailh àti Outemu náà ń ṣe é báyìí, àwọ̀ tí wọ́n sì fi ń dá wọn mọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Pupa ń lọ sílẹ̀ gbọọrọ láìkọsẹ̀. Ti Cherry ń gbọ́ ní mìlímítà 2, bẹ́ẹ̀ 4 ni gbogbo ìrìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn eléré géèmù fi fẹ́ràn rẹ̀. Búráùn a máa jẹ́ kí ìka mọ̀ ọ́n lára pé ó ti wọlé. Búlúù ń dún kọ́kọ́kọ́. Ẹni tó ń bá ìyàwó àti ọmọ ọwọ́ gbé yàrá kan ṣoṣo, tó ń fi búlúù kọ kóòdù láago méjì òru, ta ló sọ fún un kó tó sanwó?

Ẹ tún ń ta èyí tí wọ́n kọ “mechanical feel” sí lára páálí. Rọ́bà ni. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, oníbàárà ni kò mọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ kóòdù kíkọ. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù àti láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ wa, láti Ìlú Ọba ló ti wá. Tiwọn, Shift pẹ̀lú 2 á gbé " jáde, ti Amẹ́ríkà, @ ni. Lórí ti Ìlú Ọba, bọ́tìnnì # wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Enter, \ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Shift apá òsì. Bí wọ́n bá ti wá fi Windows sí ti Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n kọ sórí bọ́tìnnì lọ́tọ̀, ohun tó jáde lójú kọ̀ǹpútà lọ́tọ̀. Àmì wọ̀nyí ni wọ́n fi ń kọ kóòdù láti òwúrọ̀ dalẹ́! Ọmọ náà á máa rò pé orí òun ni kò pé.

Àwọn kéékèèké tí kò ní bọ́tìnnì F1 dé F12, tí kò ní ọfà, ẹ má fi wọ́n lọ ẹni tó ń fi F5 àti F10 wá àṣìṣe inú kóòdù. Ní ti 8000 Hz tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sára páálí, ìyẹn iye ìgbà tí kíbọ́ọ̀dù ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 1000 Hz ti jẹ́ ìròyìn lẹ́ẹ̀kan ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Mi ò rí ìdí tí ọmọ iléèwé fi máa sanwó gọbọi nítorí ìyókù.

Ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ kọ iye owó sí: rọ́bà ni àbí súìṣì, àwọ̀ wo, ti Ìlú Ọba ni àbí ti Amẹ́ríkà. Ẹ kì í ta bàtà fún ẹni tí kò tíì wọ̀ ọ́ wò. Ẹ tú ẹyọ kan sílẹ̀, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí oníbàárà tẹ W, A àti bọ́tìnnì gbọọrọ ìsàlẹ̀ pa pọ̀, kó rí i bóyá gbogbo rẹ̀ gbọ́, nítorí nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, ọ̀kan lè dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń rà, ẹ má sanwó fún èyí tí wọn ò jẹ́ kí ẹ fọwọ́ tẹ̀.