Ìwé Méjì Ni Kí Wọ́n Kọ

Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n bá gbé wọ ilé-iṣẹ́ lójú ọ̀nà Ọba Akran n'Ìkẹjà, ìwé méjì ló sábà máa ń bá a wá. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó máa dúró tì í láràárọ̀: bọ́tìnnì tó máa tẹ̀, iná pupa tí kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Èkejì jẹ́ ti mẹkáníìkì tó máa tú u palẹ̀. Ọ̀gá wo ló máa gbé ìwé mẹkáníìkì lé ọmọ tó gba iṣẹ́ lánàá lọ́wọ́, pé kó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ?

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe sọ́fíwia ọ̀fẹ́ ń ṣe nìyẹn. Àkójọ irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ojú sọ́fíwia lọ̀rọ̀ yìí dá lé: bọ́tìnnì, fèrèsé, àpótí tí èèyàn ń kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ìwé ẹni tó fẹ́ lo irinṣẹ́ àti ìwé ẹni tó fẹ́ tún irinṣẹ́ ṣe, inú àpò kan náà ni wọ́n ń dà wọ́n sí. Ìwà àìbìkítà ni, kò sì sí àwíjàre tó gbè é lẹ́sẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè, àwọn kan sì ń ṣe é bó ṣe yẹ. Ọmọ Nàìjíríà ni Segun Adebayo tó gbé Chakra UI jáde ní 2019, àkójọ irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn tó ń fi React kọ ojú wẹ́ẹ̀bù. Ẹ ṣí ojú ewé bọ́tìnnì níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń pè é wọlé ló ṣáájú, àpẹẹrẹ tí èèyàn lè dà kọ tẹ̀ lé e, àtẹ ohun tí bọ́tìnnì lè gbà ló wà nísàlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lò ó ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Nígbà tí ẹ̀dà kẹta Chakra UI jáde ní oṣù kẹwàá 2024, orúkọ àwọn irinṣẹ́ kan àti ohun tí wọ́n ń gbà yí padà. isDisabled di disabled, colorScheme di colorPalette, Modal di Dialog. Ká ní ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Ọ̀tígbà, ní Computer Village, fi isDisabled àtijọ́ sínú ẹ̀dà tuntun. JavaScript lásán kò ní bá a wí. Bọ́tìnnì "Sanwó" tó rò pé òun ti tì pa ṣì ń ṣiṣẹ́, oníbàárà sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó lè yọ ọmọ náà ni ojú ewé tí àwọn Chakra fi to orúkọ àtijọ́ àti tuntun, àti ìwé ẹ̀dà kejì tí wọn kò pa rẹ́. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, bí kóòdù ṣe jẹ́ iṣẹ́.

Àwọn alátakò ní ọ̀fẹ́ làwọn ń ṣiṣẹ́, pé sọ́fíwia wà tó ń fa ìwé yọ látinú kóòdù. GTK, àkójọ irinṣẹ́ mìíràn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ fún GIMP, sọ́fíwia àwòrán, ń fa ìwé atọ́ka rẹ̀ yọ báyìí, ó sì wúlò fún ẹni tó ti mọ orúkọ ohun tó ń wá. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ to ẹgbẹ̀rún ọjà sójú fèrèsé kan, tí kò mọ irinṣẹ́ tó yẹ, àtẹ orúkọ kò lè dá a lóhùn. Èèyàn ló máa jókòó kọ ìyẹn. Ní ti owó, Google bẹ̀rẹ̀ Season of Docs ní 2019, wọ́n sì sanwó fún àwọn òǹkọ̀wé láti ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an.

Ọ̀rọ̀ dátà tún wà níbẹ̀. Qt, tí òun náà jẹ́ àkójọ irinṣẹ́, ní Qt Assistant, tí èèyàn fi ń ka ìwé rẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Agége, níbi tí ọmọ iṣẹ́ ti ń fi owó oúnjẹ ra dátà, ìwé tí kò ṣeé gbé sórí kọ̀ǹpútà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Nítorí náà, kí àwọn alábòójútó má gba kóòdù tuntun kankan wọlé bí ojú ewé rẹ̀ kò bá tẹ̀ lé e. Kí ojú ewé kọ̀ọ̀kan sọ ẹ̀dà tó ń bá wí. Kí ilẹ̀kùn méjì wà lójú ilé: ọ̀kan fún ẹni tó fẹ́ lò ó, ọ̀kan fún ẹni tó fẹ́ tún un ṣe. Ọmọ Ọ̀tígbà yẹn máa gba ti àkọ́kọ́ wọlé lónìí. Lọ́jọ́ tó bá rí àléébù nínú bọ́tìnnì náà, tó sì mọ bó ṣe máa tún un ṣe, kó bá ìwé kejì nílẹ̀ tó ń dúró dè é.