"Ritualist": Orúkọ Tí Kò Tọ́ sí Apànìyàn



Bí ọlọ́pàá bá mú ẹni tó pa ọmọnìkejì rẹ̀, tó sì gé ẹ̀yà ara rẹ̀ láti fi wá owó, orúkọ tí àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ wa máa ń fún un ni "ritualist". Ojoojúmọ́ ni a ń ka ọ̀rọ̀ náà, débi pé kò kọ wá lóminú mọ́. Ó yẹ kó kọ wá lóminú.

Láti inú èdè Látìn ni "ritual" ti ṣẹ̀ wá, ìlànà ìsìn ni ó sì túmọ̀ sí. Kò sí ẹ̀sìn tí kò ní in: ìrìbọmi jẹ́ ọ̀kan, àlùwàlá jẹ́ ọ̀kan, ìbọrí náà jẹ́ ọ̀kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, àwọn àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà tó fẹ́ràn tùràrí àti àbẹ́là nínú ìsìn ni wọ́n ń pè ní "ritualist". Ilé Aṣòfin wọn ṣe òfin láti kápá wọn ní ọdún 1874. Ní ọdún 1877, ọ̀kan nínú wọn, Arthur Tooth, ṣẹ̀wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tó fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló dé ọ̀dọ̀ wa tó di orúkọ apànìyàn.

Ẹ rántí oṣù kẹta ọdún 2014, nígbà tí wọ́n rí egungun òkú àti àwọn ènìyàn tí ebi ti sọ di eegun lásán nínú igbó Ṣóókà ní Ìbàdàn. Kíá ni àwọn àkọlé ìròyìn ti pe ibẹ̀ ní ibùba "ritualist". Ta ló kó wọn síbẹ̀? Àwọn wo ló mọ̀ tí wọ́n dákẹ́? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti dáhùn kí ìbéèrè tó parí.

Akọ̀ròyìn lè sọ pé òun fi "suspected" ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa. Ẹni tí wọ́n mú ni "suspected" ń dáàbò bò: ó lè jẹ́ òun, ó sì lè má jẹ́ òun. Ní ti ẹ̀sìn, ìdájọ́ ti parí. Bẹ́ẹ̀ ìpànìyàn ni Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù ń lò pè é, ní abala 316.

Àwa tí ń sọ Yorùbá náà kò mọ́ nínú rẹ̀. A túmọ̀ "ritualist" sí "afiniṣètùtù" lórí rédíò. Ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ náà: "tù" ló wà nínú rẹ̀, èyí tí a ń lò nígbà tí ara bá tuni. Ètùtù ni a fi ń tu ìlú tó gbóná lójú. Báwo ni yóò ṣe wá di orúkọ ìtàjẹ̀sílẹ̀?

N kò sọ pé kò sí ẹni tó ń fi orúkọ awo bojú ṣe ibi. Ó wà. Ẹ dárúkọ ohun tó ṣe, kí ẹ sì fà á lé òfin lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí pásítọ̀ kan bá jalè, a kì í torí rẹ̀ sọ gbogbo olè ní pásítọ̀.

Apànìyàn kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń pa lára, nítorí òkùnkùn ni ó ti ń ṣe tirẹ̀. Ìyá àgbà tó gbé ẹbọ lọ sí oríta ní ìdájí, tí ojú gbogbo ayé rí i, ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò yóò sáré yí ká.

Nítorí náà, bí ẹ bá kà á, ẹ kọ̀wé sí olóòtú. Apànìyàn ni kó kọ. Bó bá jẹ́ ajínigbé, kó kọ ajínigbé. Àwa náà, kí á fọ ẹnu wa mọ́. Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á fi orúkọ ilé wa sọ ọmọ tí a kò bí.

Àṣẹ.