Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ Fi Bíréèkì Ṣáájú Ẹ́ńjìnì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi dá sí àríyànjiyàn kan tí kì í tán láàrin àwa ọmọ Yorùbá tí a fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ní Airdrie níbí, àti ní Calgary tí kò jìnnà sí wa. Ìbéèrè náà kò ju ẹyọ kan lọ. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn yọ ẹ́ńjìnì kékeré tí ó bá Volkswagen àtijọ́ wáyé, ọkọ̀ tí a ń pè ní Ìjàpá nílé, kí ó sì fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀?

Ìhà méjì ni àwọn ènìyàn pín sí. Àwọn ìhà kìíní sọ pé èèwọ̀ ni. Wọ́n ní ọkọ̀ tí a bá ti yọ ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́ rẹ̀ ti kú, àti pé òkú ni a ń wọ aṣọ fún. Àwọn ìhà kejì sọ pé ẹ́ńjìnì tí ó bá ti lè gba ibẹ̀ wọlé, kí ó máa wọlé; bí ó bá ṣá ti ń bú ramúramù bíi kìnnìún, ọ̀rọ̀ parí. Èmi kò sí nínú ìhà méjèèjì. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹ́ńjìnì ńlá kò ní ẹ̀bi kankan, bí ó bá jẹ́ ọmọ ìyá èyí tí a yọ, tí a sì ti tún bíréèkì ọkọ̀ náà ṣe kí a tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì rárá. Ẹni tí ó bá mú ẹ́ńjìnì tí kò mú bíréèkì, ikú ni ó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn tí ń pè é ní èèwọ̀ lóhùn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá mọ́ Ìjàpá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà ní Jámánì gan-an ni ó ń fi ẹ́ńjìnì ńlá rọ́pò kékeré láti ìgbà dé ìgbà. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, 1131 ni ìwọ̀n ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà. Ní 1954 ó di 1192. Ní 1965 wọ́n gbé 1285 jáde, ní 1966 wọ́n gbé 1493 jáde, nígbà tí ó sì fi máa di 1970, ó ti di 1584, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí 1600. Ibi tí ẹ́ńjìnì ń jókòó sí lẹ́yìn ọkọ̀ kò yàtọ̀ títí dòní. Ní ti àwọn mẹ́ta ìkẹyìn yìí, ìrìn písítìnì wọn dọ́gba, mìlímítà 69 ni. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ni ó so ẹ́ńjìnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì, yálà kékeré ni tàbí ńlá. Bí baba tí ó bí ọmọ bá ń dá aṣọ tí ó fẹ̀ sí i fún un bí ọmọ ti ń dàgbà, ta ni aládùúgbò tí yóò wá sọ pé aṣọ ìkókó nìkan ni ojúlówó?

Wọ́n á tún ní ọkọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé, kí a má bà á jẹ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n Ìjàpá tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní Mẹ́síkò ní oṣù Keje ọdún 2003 lé ní mílíọ̀nù 21. Èyí tí ó bá jẹ́ àkànṣe nínú wọn, kí a gbé e sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, kí a máa wò ó. Èyí tí a fi ń gbé ìyàwó àti ọmọ jáde lọ́jọ́ Sátidé, ojú títì ni ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tirẹ̀, ohun tí ojú títì bá sì ń béèrè ni kí a fún un.

Kí ni ojú títì ibí ń béèrè? Airdrie kì í ṣe Èkó. Ẹ̀bá òkun ni Èkó wà, ṣùgbọ́n Airdrie fi nǹkan bíi 1,100 mítà ga ju ojú òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibí fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnì ń pò mọ́ epo kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Ní ibi tí a ga dé yìí, ẹ́ńjìnì oníkábúrétọ̀ a máa pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀. Ẹ́ńjìnì 1192 tí wọ́n ṣe láti 1960 síwájú ní agbára ẹṣin 34. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò, ó ku bíi 31. Ẹ wá gbé e bọ́ sí títì Queen Elizabeth II tí ó gba Airdrie lọ sí Calgary, níbi tí òfin ti gba 110 kìlómítà ní wákàtí kan. Nǹkan bíi 115 ni ìpẹ̀kun eré tí ọkọ̀ náà lè sá nígbà tí ó ṣì jẹ́ tuntun, lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí afẹ́fẹ́ kò sì fúyẹ́. Tí atẹ́gùn ìwọ̀-oòrùn bá wá ń fẹ́ bọ̀ láti orí àwọn òkè Rockies, Ìjàpá á máa mí hẹlẹhẹlẹ, tírélà á sì ti dé ìdí rẹ̀. Ẹ́ńjìnì 1584 ní agbára ẹṣin 50. Lẹ́yìn tí òkè bá ti gba tirẹ̀, 45 ṣì kù. Ìyàtọ̀ 14 yìí kì í ṣe fáàrí. Òun ni ó ń yọ ènìyàn kúrò níwájú tírélà.

Ohun mìíràn tí ó ń bí mi nínú ni ẹnu tí àwọn kan nínú wa fi ń bú iṣẹ́ ilé wa. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó, Ìjàpá sì wà lára àwọn ọkọ̀ tí ó tò. Láìpẹ́, ó di ọkọ̀ tíṣà, ọkọ̀ nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ akọ̀wé. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986 dé, tí náírà já wálẹ̀, tí ọkọ̀ tuntun di ohun àlá, àwọn mẹ́káníìkì abẹ́ igi máńgòrò ni kò jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kú. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni Ìjàpá àti bọ́ọ̀sì Volkswagen tí a sọ di danfó. Tí ara danfó bá ti jẹrà, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì le, wọ́n á fi jáàkì sọ ẹ́ńjìnì náà kalẹ̀, wọ́n á tú u wò, wọ́n á pààrọ̀ ohun tí ó bá ti jẹ, wọ́n á sì gbé e wọ Ìjàpá. Wọn kò kọ́ ọ nínú ìwé. Ọmọṣẹ́ kọ́ ọ lọ́wọ́ ọ̀gá fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di ọjọ́ tí ó ṣe fúríídọ̀ọ̀mù. Lónìí, tí òyìnbó bá ṣe ohun kan náà nínú gáréèjì rẹ̀ ní Alberta, ẹ̀yin náà á máa yà á ní fọ́tò, ẹ ó ní iṣẹ́ ọnà ni. Tí ó bá jẹ́ ti mẹ́káníìkì ilé, ẹ ó ní wúruwùru ni. Kí ló fà á? Ilé ọba tí ó jó, ṣebí ẹwà ló bù sí i.

Mo ti bá àwọn ìhà kìíní wí tó. Ẹ̀yin ìhà kejì, ẹ má tíì máa pàtẹ́wọ́, ó kàn yín.

Ẹ ti gbọ́ nípa Chevrolet Corvair tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàrin 1960 sí 1969. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì tirẹ̀ náà wà, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú, sílíńdà mẹ́fà ni ó sì ní. Èyí tí wọ́n ṣe láti 1964 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,700, ó ju ìlọ́po méjì 1192 lọ. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wọ Ìjàpá, títí dòní ni àwọn kan ṣì ń fi èyí yangàn. Ṣùgbọ́n òdìkejì ni ẹ́ńjìnì Corvair ń yí sí. Bí a kò bá kọ́kọ́ tú inú gíábọ́ọ̀sì kí a dojú jíà ńlá ibẹ̀ kọ ọ̀nà kejì, ọkọ̀ náà á ní jíà mẹ́rin tí ń lọ sẹ́yìn, ẹyọ kan ni yóò sì lọ síwájú. Ìjàpá inú àlọ́ pàápàá kò gbọ́n irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ rí! Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lè tún un ṣe. N kò sọ pé kò ṣeé ṣe. Mo ń bi yín pé ta ni yóò dá a dúró lẹ́yìn tí ó bá ti ṣeé ṣe tán?

Nítorí ìdádúró ni ọ̀rọ̀ wà. Ọkọ̀ tí ó bá fi eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ipá tí bíréèkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé mì. Ìjàpá tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ṣáájú ti ọdún 1967, ọ̀nà kan ṣoṣo ni òróró bíréèkì rẹ̀ ń gbà. Bí ó bá jò ní ẹsẹ̀ kan, kò sí ẹsẹ̀ tí yóò dúró mọ́. Ẹ sì rántí pé ti àwọn ìgbà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn a máa fẹ́ ká wọ abẹ́ ọkọ̀ tí a bá fi eré já kọ́nà. Irú ọkọ̀ yìí ni ẹ fẹ́ fún ní agbára ìlọ́po mẹ́ta?

Kódà 1600 tí ó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ní ohun tí ó ń béèrè. Ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ń lo iná 6 fóòtì, eyín 109 ni kẹ̀kẹ́ onírin ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní. Ti ọkọ̀ oní-12 fóòtì jẹ́ 130, ó sì fẹ̀ jù ú lọ. Ẹni tí kò bá bá ríwáyà àti mẹ́káníìkì jókòó lórí èyí, sítátà á kàn máa lọ irin ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ́ńjìnì tí ó tóbi ń mú ooru jáde jù. Nínú àwọn ti àtijọ́, ohun tí ń tu ọ́ìlì dí afẹ́fẹ́ mọ́ sílíńdà kẹta, òun ni ó sì sábà máa ń jóná ṣáájú. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà fúnra wọn gbé e kúrò lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń ṣe ti ọdún 1971. Ẹni tí ó bá mú ẹ́ńjìnì tuntun, kí ó mú ìbòrí afẹ́fẹ́ tí ó bá a mu pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ òtútù tún wà níbẹ̀. Ara páìpù sáláńsà ni ooru tí ń wọ inú Ìjàpá ti ń wá. Ẹni tí ó bá yọ àpótí ooru ibẹ̀ dànù kí ariwo ẹ́ńjìnì lè dùn, kò ní rí ohun tí yóò yọ́ yìnyín lójú gíláàsì. Èyí tí ó bá sì ti dógùn-ún tí a kò wò, èéfín olóró ni yóò máa fẹ́ sí àwọn ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn. Ní Airdrie, níbi tí yìnyín lè bọ́ nínú oṣù Karùn-ún, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Bóyá ẹnìkan á ní bí ó bá léwu ni, ṣebí ìjọba á ti dá a dúró. Ìjọba Alberta kì í béèrè àyẹ̀wò ọdọọdún lórí ọkọ̀ aládàáni. Ọkọ̀ tí ó bá wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ń yẹ̀ wò kó tó gba nọ́ńbà. Ìjàpá tí ẹ ti ń wà níbí tipẹ́, ẹ lè gbé ohun tí ó bá wù yín sí ìdí rẹ̀ lálẹ́ òní, kí ẹ sì wà á jáde lárọ̀ọ́ ọ̀la, láìsí ẹni tí yóò wo abẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọrùn wa ni ẹ̀bi wà.

Nítorí náà, ohun tí mo ní kí a máa ṣe nìyí. Kí a kọ́kọ́ tún bíréèkì ṣe, kí a fún un ní ọ̀nà méjì, kí a sì dán an wò pẹ̀lú ẹ́ńjìnì kékeré tí ó ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a yan ẹ́ńjìnì láti inú ìdílé Ìjàpá fúnra rẹ̀. Kí a má ju ti àkọ́kọ́ nù: kí a pa á ní gíríìsì, kí a wé e ní ọ̀rá, kí a kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tí ó bá jogún ọkọ̀ náà lè dá a padà. Ibi tí mo ti gbà fún àwọn ìhà kìíní nìyí, nítorí ìtàn ọkọ̀ náà kì í ṣe tiwa nìkan. Kí a sọ òtítọ́ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò, kí a sì sọ ọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà á. Ẹni tí ó ta 1600 fún ọmọlàkejì rẹ̀ ní orúkọ 1200, olè ni, bí ọkọ̀ náà tilẹ̀ ń dán.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀ pé ohùn ẹ́ńjìnì ńlá dùn létí. Ó dùn létí tèmi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí òkété máa gbé ihò ẹ̀lírí, kí ó kọ́kọ́ gbẹ́ ihò náà kó fẹ̀. Ire o.