Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Máa Kọ́ Ara Wọn ní Ìṣirò



Láìpẹ́ yìí ni mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ awo ní Ìjàgbà, lágbègbè Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama mélòó kan kó ara wọn jọ sábẹ́ igi máńgòrò tí ó wà níwájú ilé rẹ̀, wọ́n gbé pátákó kékeré kan ti igi náà, wọ́n sì mú ṣọ́ọ̀kì. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú wọn ni èyí tí ìwé wọn ń pè ní "number bases": kí wọ́n yí 101101, tí a fi méjì-méjì kọ, padà sí iye tí a ń fi mẹ́wàá-mẹ́wàá kà. Ọmọkùnrin kan ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, 90 ni ó sì ń rí nígbà gbogbo. Inú ti ń bí i.

Ọmọbìnrin kan láàárín wọn ti mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́, ó sì bi í pé: "Ilé tí ó wà ní ìkángun ọwọ́ ọ̀tún, òkúta mélòó ni ó ń gbà?" Ọmọkùnrin náà ní méjì ni. Ó tún bi í pé: "Ṣé a ti sọ nǹkan kan di ìlọ́po méjì kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni?" Èyí dákẹ́, ó ronú, ó ní: "Rárá. Ọ̀kan ni." Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún lọ sí òsì: 1, 2, 4, 8, 16, 32. Ilé tí òdo bá wà, a fi í sílẹ̀ lófìfo. Èyí tí ọ̀kan bá wà, a kó òkúta rẹ̀. 32, 8, 4 àti 1. Ọmọkùnrin náà ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ pariwo pé: "Márùndínláàádọ́ta!"

Nígbà náà ni mo rí i pé ọmọ kan dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tí kò wọ abẹ́ igi. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un nílé wọn pé kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ iwájú ilé babaláwo. Ọmọbìnrin yìí kò bá a jiyàn. Ó kàn yí pátákó náà padà kí ó lè kọjú sí ojú ọ̀nà.

Ohun tí mo rí yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ mọ̀ pé ọmọ tí kò bá yege dáadáa nínú ìṣirò níbi ìdánwò WAEC, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ni ilẹ̀kùn rẹ̀ tì mọ́ ọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ni a tọ́ láti gbà pé ẹni tí ó bá bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìṣirò, olè ni. Èmi náà jẹ ẹgba nígbà tí mo wà ní girama, nítorí pé mo yíjú sí ẹni tí ó jókòó tì mí. Ẹni náà gan-an ni ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tí a ń bọ̀ nílé, n kò sì gbàgbé rẹ̀ títí di òní.

Àwọn àgbà awo mọ ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Lálẹ́, àwọn ọmọ awo a máa ka odù sí ara wọn létí. Èyí tí ó ti lọ síwájú a fa èyí tí ó wà lẹ́yìn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbà bá fẹ́ dán wọn wò, ẹnu oníkálukú ni yóò dá sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ ni ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ń wo ìwé ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ni olè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kan fún àwa tìkára wa. Ní ìpàdé wa, a fẹ́ràn láti máa sọ pé Ifá ni bàbá kọ̀ǹpútà. Lóòótọ́ ni odù kọ̀ọ̀kan ní ojú mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, ìdí sì nìyí tí gbogbo odù fi jẹ́ 256. Ṣùgbọ́n a kì í fi odù ka owó, ìyangàn yìí kò sì tíì kọ́ ọmọ kankan bí a ṣe ń yí 101101 padà. Ní 1703, Leibniz, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kọ̀wé lórí ìṣirò tí a fi 0 àti 1 ṣe. Ó mẹ́nu kan ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ ti àwọn ará Ṣáínà pẹ̀lú, àmọ́ kò dúró sórí ìyanu rẹ̀. Ó fi bí a ṣe ń ròpọ̀ àti bí a ṣe ń yọ kúrò han àwọn ènìyàn.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa kò kéré. Ọmọ tí ó pe márùndínláàádọ́ta ti fi ahọ́n ṣe ìṣirò: ó yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì ni ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹnìkan lè sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC fi ń ṣe ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ ni. Kí wọ́n fi Yorùbá lóye rẹ̀, kí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, mo ń rọ gbogbo ilé Ifá àti ojúbọ wa: ẹ ya ìrọ̀lẹ́ méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀. Ẹ pèsè pátákó, ṣọ́ọ̀kì àti iná. Kí àgbà kan jókòó tì wọ́n, bí kò tilẹ̀ mọ ìṣirò, kí ó ṣáà rí i pé kò sí ẹni tí ó ń ta ìdáhùn fún ẹnìkejì, kí ó máa bi wọ́n pé, "Báwo ni o ṣe mọ̀?" Kí a má bi ọmọ kankan ní ẹ̀sìn tí ó ń ṣe. Bí ó bá sì rí ọmọ tí kò lè wọlé, ẹ gbé pátákó náà síbi tí ojú rẹ̀ yóò tó o.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Ní Ìjàgbà, ọmọdé ni ó kọ́ mi. Ire o.