Lẹ́yìn Ìròyìn: Adití Àbínibí Kì Í Ṣe Ẹni Ègún

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Akówọnjọ, ọmọ tí wọ́n bí ní adití kì í ṣe ọmọ tí ayé ṣẹ́ èpè fún. Látinú oyún ni oríṣiríṣi purotéènì ti ń ṣiṣẹ́ nínú etí. Bí ọ̀kan bá yingin, ọmọ lè má gbọ́ràn. Ní Adamorobe, abúlé kan ní Gánà tí adití pọ̀ sí, àwọn onímọ̀ fi hàn lọ́dún 1998 pé àbùkù jíìnì tó ń pèsè purotéènì connexin 26 ló fà á. Ẹ lè ní bàbá àti ìyá ọmọ ń gbọ́ràn kẹ̀! Àwọn méjèèjì lè gbé àbùkù náà láìmọ̀, kó wá hàn lára ọmọ. Ẹ jẹ́ ká tètè yẹ etí ìkókó wò. Àyẹ̀wò kì í tún jíìnì ṣe lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tàbí èdè adití tó tètè dé kò ní jẹ́ kí ọmọ pẹ́ kó tó lè bá ẹbí sọ̀rọ̀.