Ọ̀bọ̀kún àti Ilé Ìwádìí Òkun

Kò sí ọmọ Odùduwà tí kò tíì gbọ́ ìtàn Ajíbógun, ẹni tí ó gbéra ní Ilé-Ifẹ̀, tí ó rìn títí ó fi dé etí òkun, tí ó sì bu omi iyọ̀ wálé láti fi ṣe oògùn ojú bàbá rẹ̀. Nítorí iṣẹ́ náà ni a ṣe ń pe Ọwá Iléṣà ní Obòkun títí di òní olónìí. (Orúkọ ẹja ọ̀bọ̀kún, tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, kàn jọ oyè yìí ní etí ni, a kò sọ pé ọ̀kan ti inú èkejì wá.) Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni pé àwọn baba wa tí ń gbé àárín igbó pàápàá mọ̀ pé ìwòsàn ń bẹ nínú omi òkun, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí yóò bù ú wálé kò gbọdọ̀ rán ẹlòmíràn.

Ní 1975 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òkun àti ohun inú rẹ̀. Victoria Island ní Èkó ni olú ilé rẹ̀ wà, NIOMR sì ni àgékúrú orúkọ rẹ̀. Ó ní ibùdó kan ní Buguma, ní ìpínlẹ̀ Rivers, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja nínú omi tí kì í ṣe iyọ̀ pátápátá, tí kì í sì í ṣe omi odò. Ó sì ní òmíràn ní Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, èyí tí àjọ FAO bá wa dá sílẹ̀ kí àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà gbogbo lè máa kọ́ iṣẹ́ ẹja sísìn níbẹ̀. Àwọn kan nínú wa ti ń kọjá lẹ́bàá ilé ti Èkó yìí láti ìgbà èwe wọn, wọn kò sì mọ ohun tí à ń ṣe nínú rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan bi wá pé, Kí ni ìlò ilé ìwádìí tiwa, nígbà tí àwọn ará Norway ti kọ́ ayé bí a ti ń sin ẹja nínú òkun? A dáhùn pé omi tiwa kì í ṣe omi tiwọn. Ẹ wo ọ̀sà Èkó: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun a wọlé, omi ọ̀sà a sì mú iyọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá dé, tí odò Ògùn àti àwọn arákùnrin rẹ̀ bá kún, omi náà a fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi mímu. Ẹja tí a bá kó wá láti òkèèrè, tí ó mọ omi oríṣi kan ṣoṣo, yóò kú nínú ìyípadà yìí. Àwọn ẹja tí a bí sínú rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ ọgbọ́n rẹ̀, ọ̀bọ̀kún sì ni ọlọ́lá láàárín wọn.

Ẹ̀wẹ̀, àrọ̀ ni ẹja tí ó kún adágún àwọn ènìyàn wa. A kò fojú tín-ín-rín iṣẹ́ náà. Ó yà wá lẹ́nu púpọ̀. Àrọ̀ kì í yé ẹyin fúnra rẹ̀ nínú adágún bí ó ti ń ṣe nínú odò tí ó kún. Àwọn onímọ̀ ni wọ́n rí i pé bí a bá mú kókó kékeré kan tí ó wà lábẹ́ ọpọlọ ẹja mìíràn, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì fi abẹ́rẹ́ gún un sí abo lára, ẹyin rẹ̀ yóò gbó láàárín òru kan, a ó sì lè fi ọwọ́ rọra fún un jáde. Lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò kọjá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ṣe èyí lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti ní Ìbàdàn. Kò kà á nínú ìwé: ẹnìkan ni ó fi hàn án, ní èdè ìyá rẹ̀, tí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìnira ibẹ̀ ni pé oúnjẹ ẹja ni ó ń jẹ owó náà tán, àrọ̀ sì jẹ́ ẹja omi tútù. Kò kan ẹni tí ń gbé orí ọ̀sà ní Màkókó tàbí ní ilẹ̀ Ìlàjẹ.

Ọ̀bọ̀kún ńkọ́? Ẹja yìí kì í yé ẹyin ní gbangba. Inú ihò ni akọ àti abo ń wọ̀, nígbà tí abo bá sì ti yé tán, akọ a dúró ti ẹyin. Ní ẹ̀wádún 1980, ní Layo, létí ọ̀sà Ébrié ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí òkun ti Abidjan ṣe àfarawé ihò náà: wọ́n sé akọ kan àti abo kan mọ́ inú ọ̀pá oníhò, ní méjì méjì, títí wọ́n fi yé ẹyin. Bí wọ́n ṣe mọ bí a ti ń bí ọ̀bọ̀kún lábẹ́ ọwọ́ ènìyàn nìyẹn. Ẹja kan náà ni tiwọn àti tiwa. Àwọn ìyá wa ń pàtẹ rẹ̀ ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Síbẹ̀ títí di ìsinsìnyí, kò tíì di ohun tí àwọn ènìyàn wa ń sìn bí wọ́n ti ń sin àrọ̀.

Ní Layo yìí kan náà ni wọ́n tún ti yẹ àkájà wò. Kì í ṣe òyìnbó ni ó ni àkájà. Àwọn ará orí omi ní Àjàṣẹ́ àti ní adágún Nokoué, níbi tí Ganvié wà, ti ń ṣe é kí ọkọ̀ ojú irin tó dé ilẹ̀ wa. Wọn a ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi tí kò jìn. Ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé a hù sí ara igi náà, epìyà a wá jẹ ẹ́, a sì fi ibẹ̀ ṣe ààbò. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọn a fi àwọ̀n yí i ká, wọn a kó ẹja. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ nìyí! Ọ̀mọ̀wé Welcomme tẹ ìwé jáde nípa rẹ̀ ní 1972. Àwọn ti Layo wá fi ọparun rọ́pò ẹ̀ka igi, wọ́n sì fi àwọ̀n sé e ká láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn sì dára, nítorí àkájà àtijọ́ a máa pa igi ẹ̀gbà etí omi run, a máa fi ẹrẹ̀ dí ọ̀sà, a sì máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn apẹja. Ní 1993, àwọn onímọ̀ méjì ti ilé ìwádìí Èkó kọ ìwé lórí irú ìpẹja yìí gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é ní ọ̀sà ìpínlẹ̀ Èkó. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, inú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé òkèèrè ni a sì ti tẹ̀ ẹ́. Ọgbọ́n jáde kúrò lẹ́nu apẹja wa, ó wọ inú ìwé, kò sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹjọ́ wa gan-an nìyí. A kò dá àwọn onímọ̀ náà lẹ́bi. Èdè tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ní gbogbo ayé ń kà ni wọ́n fi kọ̀wé. Àwa tí à ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé Yorùbá, tí a ń jiyàn lórí àmì ohùn láti oṣù dé oṣù, ni a kò tíì bu omi náà wálé. Ìjọba ti dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òkun ní 2023, a sì ń rọ̀ ọ́ kí owó ìwádìí má ṣe já lójú ọ̀nà, nítorí ọ̀bọ̀kún kì í tètè dàgbà bí àrọ̀, iṣẹ́ tí a bá sì fi sílẹ̀ ní ọdún kejì, a ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n owó ìjọba kò lè túmọ̀ ìwé fún wa. Àwọn olùkọ́ ni yóò ṣe èyí. Ẹ̀yin olóyè wa tí ìlú yín kángun sí omi, ẹ lè fi ibi ìdákẹ́rọ́rọ́ kan ní ọ̀sà yín sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀, kí ẹ sì bá wọn pe àwọn àgbà apẹja jọ, Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn àti Àwórì, kí wọ́n jókòó pọ̀ lórí ẹní kan.

Láti oṣù tí ń bọ̀, ìwé ìròyìn yìí yóò máa tẹ orúkọ àwọn ẹja ọ̀sà jáde. A ń bẹ àwọn òǹkàwé wa ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìkòròdú, ní Àgbádárìgì àti ní Ayétòrò kí wọ́n kọ̀wé sí wa: orúkọ ẹja ní ẹnu àdúgbò wọn, oṣù tí ó ń yé ẹyin, àti bí omi ti rí nígbà náà, bóyá oníyọ̀ ni tàbí aláìníyọ̀. Bí àgbà tí ó mọ̀ ọ́n kò bá mọ ìwé kọ, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́.