Ojú Kì Í Ka Sójà Ara

Ojú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní Rẹ́mọ fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí aládùúgbò bá rù, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ pé “àrùn yẹn” ti wọ̀ ọ́ lára. Bí ẹni tó ní kòkòrò HIV gan-an bá ń dán, tó ń jó lóde àríyá ní Ìkẹ́nnẹ́, kò sẹ́ni tó máa fura, òun náà kò sì ní fura sí ara rẹ̀. Irọ́ lojú ń pa nínú méjèèjì.

Orúkọ tí wọ́n sọ kòkòrò HIV ní Yorùbá, apa-sójà-ara, bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mu rẹ́gí. Sójà tó ń pa náà ni àwọn oníṣègùn ń pè ní CD4. Nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ẹni tára rẹ̀ dá máa ń ní bíi 500 sí 1,500. Kòkòrò yìí lè máa pa wọ́n díẹ̀díẹ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá kí ara tó kígbe. Ikọ́ ife kì í dúró kí sójà dín dé iye kankan kó tó wọlé. Bí sójà bá ti wálẹ̀ ju 200 lọ, funfun lè bo ahọ́n dé ọ̀nà ọ̀fun, ìgbẹ́ gbuuru lè má dáwọ́ dúró. Ní ìsàlẹ̀ 100, kòkòrò kan tó jẹ́ ẹbí olú lè wọ agbárí. Orí fífọ́ lásán ló sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, olórin tó kú lọ́jọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, dókítà ọmọdé tó ti ṣe mínísítà ìlera, kò fọ̀rọ̀ pamọ́: éèdì, àrùn tí HIV ń fà, ni. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ kò gbà. Ọmọ Ẹ̀gbá tí gbogbo ayé ń wò lórí pèpéle, síbẹ̀ wọn ò rí i.

Tẹ́lẹ̀, iye sójà ló ń pinnu ẹni tó máa gba oògùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) fi í sí 200, wọ́n sún un sí 350, ó di 500 lọ́dún 2013. Lọ́dún 2015 wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá ti ní HIV bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ìpinnu tó dáa ni. Àmọ́ látìgbà náà ni kíka sójà ti di ohun tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ bí oògùn bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tó pẹ́ kó tó dé ọsibítù ńkọ́? Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe fún 1,805 èèyàn ní Uganda, Kenya, Malawi àti Zimbabwe, tí sójà gbogbo wọn kò tó 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí àmì àìsàn wọn kò tó nǹkan, tàbí tí wọn ò ní rárá. Bẹ́ẹ̀ oògùn HIV nìkan kò tó fún irú wọn: wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ wọ́n wò fún ikọ́ ife àti fún ẹbí olú yẹn, kí wọ́n sì fún wọn ní Sẹ́ptírìn.

Awakọ̀ tírélà tó sùn sí Ògèrè lónìí lè wà ní Benin lọ́la. Kò ṣeé sọ fún pé kó padà wá gba èsì kíka sójà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun àyẹ̀wò kan wà, pẹlẹbẹ bíi ti oyún, tó ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka sọ ní bí ogójì ìṣẹ́jú bóyá sójà wà lókè 200 tàbí nísàlẹ̀. Kò nílò iná NEPA. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró ní 2025, ìjọba àpapọ̀ ya bílíọ̀nù 4.8 náírà sọ́tọ̀ fún oògùn HIV. Ó yẹ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ra ohun àyẹ̀wò yìí sí Ògèrè, Ìpẹru àti Ìkẹ́nnẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ní láti wọkọ̀ dé ọsibítù OOUTH ní Ṣàgámù kó tó mọ̀ bóyá sójà ara òun ti wálẹ̀ ju 200 lọ.